Ọpẹ́ Mi Lórí Púláù Tó Kọ̀ Tí Kò Gbéra

Ẹ̀yin ará, kí n tó kí ẹnikẹ́ni, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ kí Ọlọ́run tó jí wa láàárọ̀ yìí. Ọpẹ́ ni mo bá wá. Ìdòwú lorúkọ mi, ọmọ Ìyá Ìbejì tó jókòó sídìí fèrèsé yẹn. Màá sì sọ ọ́ gbangba: láti Èrúwà títí dé Ìgàngàn, kò sí ẹni tó mọ inú katakata àtijọ́ tó mi lónìí. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo tú u palẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kejì yẹn, ohun tí ọwọ́ èmi fúnra mi fi síbẹ̀ ni mo bá níbẹ̀. Àwọn tó mọ̀ ọ́n jù mí lọ, àwọn kan ti kú, àwọn tó kù sì ní iṣẹ́ gidi lọ́wọ́.

Àwọn tó mọ̀ mí ti ń rẹ́rìn-ín. Ẹ máa rín in, ẹ̀tọ́ yín ni. Mo wọ pólì, mo fi í sílẹ̀. Wọn ò lé mi, èmi ni mo ríran rí ibi tí ọ̀rọ̀ náà ń lọ, tí mo tètè lé ara mi. Mo kọ́ṣẹ́ gẹ̀rígẹ̀rí, mo gé etí oníbàárà. Mo gun ọ̀kadà, mo gbé ọ̀kadà wọ gọ́tà ní Ìdèrè pẹ̀lú tíṣà kan lẹ́yìn mi. Tíṣà náà wà níbí lónìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wo ibi tó jókòó sí. Táíwò tó ṣáájú mi ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì n'Ìbàdàn. Kẹ́hìndé ń kọ́ni níléèwé. Tí àlejò bá béèrè pé Ìdòwú ńkọ́, kí lòun ń ṣe, Màmá á ní, “Ó wà.” Iṣẹ́ mi nìyẹn. Mo wà.

Ẹ mọ bàbá mi. Bàbá Ìbejì, tó máa ń fi máṣíìnì gbé Màmá wá síbí ní gbogbo Sọ́ńdè. Mùsùlùmí ni wọ́n, wọn kì í wọlé, àmọ́ wọ́n á dúró níta títí a ó fi ṣe tán. Katakata pupa kan ni wọ́n ní. Katakata náà dàgbà ju ìbejì lọ, ká má tíì sọ tèmi. Oko ìjọba ni wọ́n ti ń wà á nígbà kan. Nígbà tí oko náà kógbá wọlé, tí wọ́n ń ta àwọn irin ibẹ̀, Bàbá ra èyí tí wọ́n ń wà. Òun ni wọ́n fi ń túlẹ̀ ẹ̀gẹ́ àti ilẹ̀ ẹ̀gúsí fún àwọn èèyàn kiri Ìbàràpá. Nínú yín níbí, ó pọ̀ ẹni tí wọ́n ti tú ilẹ̀ fún.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé díẹ̀ fún ẹni tí kò mọ̀. Ẹ̀yìn katakata ni wọ́n ń so púláù mọ́, àwọn àwo irin ńlá tó ń túlẹ̀. Tó o bá dé ìpẹ̀kun oko, o gbọ́dọ̀ gbé púláù sókè kó o tó lè yí padà. Ọ́ìlì ló ń gbé e. Pọ́ǹpù kan wà nínú ikùn katakata, ó ń fa ọ́ìlì gba inú asẹ́, ó ń tì í wọ sílíńdà. Ọ́ìlì á ti písítìnì, písítìnì á ti ọ̀pá irin kan, ọ̀pá irin á gbé apá méjèèjì tó di púláù mú, púláù á gbéra. Ó tán, ẹ má bẹ̀rù, kò sí ìdánwò.

Lọ́dún tó kọjá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ púláù. Láàárọ̀ tí ọ́ìlì ṣì tutù, á gbéra. Tí oòrùn bá ti mú, á máa sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tó ń tòògbé nínú ìwàásù. Nígbà tó yá, kò gbéra mọ́ rárá. Bàbá á dé ìpẹ̀kun oko, wọn ò ní lè yí. Àwọn olóko mú sùúrù díẹ̀, wọ́n wá ń pe àwọn ọmọ tó ní katakata tuntun.

Bàbá bá jókòó sílé. Bàbá tó jẹ́ pé tí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ lójúde wa, àwọn ará ìsàlẹ̀ ń dá wọn lóhùn. Wọn ò sọ̀rọ̀ mọ́. Tí Màmá bá gbé oúnjẹ wá, wọ́n á fọwọ́ kàn án, wọ́n á ní àwọn ti yó. Aṣọ oko wọn wà lórí okùn, oòrùn ń pa á, òjò ò sí, kò sẹ́ni tó ká a.

Ni ọ̀gbẹ́ni kan tó ń ra irin àlòkù bá wá wo katakata. Ó ń kó irú ẹ̀ lọ síbi tí wọ́n ti ń yọ́ irin. Ó fẹsẹ̀ ta táyà, ó ní, “Bàbá, irin yìí ti sìn yín tó.” Ìbejì pè lórí fóònù, àwọn méjèèjì, wọ́n ní ẹ tà á, ẹ sinmi. Bàbá gbà. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n bẹ ọ̀gbẹ́ni yẹn, wọ́n ní, “Ẹ jẹ́ kí òjò àkọ́rọ̀ rọ̀ ná. Tó bá rọ̀ tí katakata ò gbé púláù, kẹ́ ẹ wá gbé e.”

Mi ò mọ ohun tó là mí lẹ́nu. Mo ní, “Bàbá, màá tún un ṣe.”

Bàbá wò mí. “Ìwọ?”

“Èmi ni, sà.”

“O mọ̀ ọ́n ni?”

“Màá mọ̀ ọ́n, sà.”

Màmá ní, “Ìdòwú, jọ̀ọ́, má dá sí i. Irin yẹn ò tíì kú tán.”

Ẹ̀yin ará, kì í ṣe pé mo nífẹ̀ẹ́ irin. Ohun tí mo rí ni pé tí lọ́rì bá gbé katakata yẹn kúrò níwájú ilé wa, Bàbá ò ní pẹ́ tẹ̀lé e. Ohun tí mò ń bẹ Ọlọ́run lé lórí nìyẹn. Bàbá ni. Katakata kàn jẹ́ ọ̀nà ni.

Mo yá ṣéènì lọ́wọ́ mẹkáníìkì kan lójú ọ̀nà Ìdèrè, mo so ó mọ́ igi odán ẹ̀yìnkùlé. Orí ọmọrí tó bo sílíńdà yẹn gan-an ni àga Bàbá wà, torí náà àga ni mo kọ́kọ́ tú. Bàbá jókòó síbi ilẹ̀kùn, wọ́n ń wò mí bí ẹni pé egungun wọn ni mò ń tú. Mo tú bóòtù títí ọwọ́ mi fi bó, mo fi ṣéènì fa ọmọrí sókè. Ọ́ìlì inú rẹ̀ ti pò mọ́ omi, ó funfun bí ẹ̀kọ mímu. Róbà tó yí písítìnì ká fọ́ wẹ́wẹ́ lọ́wọ́ mi bí àkàrà àná. Ẹni tó kọ́ mi níṣẹ́ ni òyìnbó kan nínú fídíò lórí fóònù. Sípíkà mi ti bàjẹ́, mi ò gbọ́ ohun tó ń sọ, ìka rẹ̀ nìkan ni mò ń wò. Tó bá nàka síbì kan, èmi náà á nàka síbẹ̀.

Táíwò bá mi fi róbà tuntun ránṣẹ́ láti Ìbàdàn. Mo wá ń gé gásíkẹ́ẹ̀tì, bébà líle tí wọ́n ń fi sáàárín irin méjì kí ọ́ìlì má baà jò. Wọ́n máa ń tẹ́ bébà náà sórí irin, wọ́n á máa fi òòlù kékeré lù ú létí títí á fi gé ara rẹ̀. Èmi ń lù ú bí ẹni tó ń pa ejò. Níbi ilẹ̀kùn, mo gbọ́ tí Bàbá ní, “Má lù ú bẹ́ẹ̀ yẹn.” Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí wọ́n sọ láàárọ̀ yẹn nìyẹn. Nígbà tó di ọ̀sán, wọ́n ti gbé àga wọn sún mọ́ mi. Ìgbà tó di ìrọ̀lẹ́, wọ́n ti gba òòlù lọ́wọ́ mi.

Ibi tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ fara balẹ̀ gbọ́ nìyí. Ẹ rántí pé Pásítọ̀ gbàdúrà sórí áńkáṣíìfù wa, wọ́n ní kí kálukú gbé tiẹ̀ lọ síbi iṣẹ́ rẹ̀. Àwọn tó ní ṣọ́ọ̀bù so tiwọn mọ́ ilẹ̀kùn. Àwọn tíṣà fi tiwọn sínú dúrọ́ọ̀. Èmi wá rò ó, ibo ni iṣẹ́ mi wà? Inú katakata ni. Nígbà tí Bàbá lọ kírun, mo ṣẹ́ áńkáṣíìfù mi po, mo fi sí kọ̀rọ̀ kan nínú ikùn katakata, mo gbàdúrà, mo da ọ́ìlì tuntun lé e lórí, mo dé e pa. Pásítọ̀ ò sọ pé kí n rì í sínú ọ́ìlì o. Èmi ni mo fi ìyẹn kún un. Ẹ má sì fi mí rẹ́rìn-ín jù, mo mọ ẹnì kan níbí tó fi tiẹ̀ sínú ìrọ̀rí ọkọ ẹ̀.

Ọjọ́ tí a fẹ́ dán an wò, Bàbá wọ aṣọ oko. Màmá rí i, ó yíjú padà. Bàbá ní àṣà kan tí mo bá lọ́wọ́ wọn. Tí púláù bá kọ́kọ́ gbéra ní ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ oko, wọ́n á wọ abẹ́ rẹ̀, wọ́n á fi òrí pa àwọn àwo náà níkọ̀ọ̀kan kí ilẹ̀ má baà lẹ̀ mọ́ ọn, wọ́n á sì ṣe bísímílà sí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lọ́jọ́ yẹn, kí n tó fọwọ́ kan nǹkan kan, wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ púláù, òrí ti yọ́ ní àtẹ́lẹwọ́ wọn. Kó kàn gbéra ni wọ́n ń dúró dè, kí wọ́n wọ abẹ́ rẹ̀.

Mo tan ẹ́ńjìnì. Mo fa ọ̀pá ìgbé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga. Púláù ò mira. Mo tún un fà. Pọ́ǹpù ń kùn bí ẹni tí inú ń run, púláù jókòó síbi tó jókòó sí. Àwọn ará àdúgbò ti pé, ẹnì kan ní bóyá kí n sọ̀rọ̀ sí i. Mo fà á títí ojú fi tì mí. Bàbá dìde, wọ́n fi òrí ọwọ́ wọn pa ẹsẹ̀, wọ́n ní, “Ó ti tó,” wọ́n wọlé lọ.

Ọ̀sán ọjọ́ yẹn gan-an ni òjò àkọ́rọ̀ rọ̀. Gbogbo ìlú ń dúpẹ́, àwọn ọmọdé ń jó nínú rẹ̀. Èmi dúró lábẹ́ páànù, mò ń bínú sí òjò. Omi ò tíì dá lẹ́nu páànù tí ọ̀gbẹ́ni onírin fi pè. Ó ní òun á gbé lọ́rì wá tí ọ̀nà bá ti gbẹ díẹ̀.

Màmá ní, “Ayé ni. Kì í ṣe ojú lásán. Ẹnì kan ló di katakata yìí.”

Mo gbà á gbọ́ kíákíá. Ó dùn mọ́ mi pé kì í ṣe èmi. Èmi àti Màmá kúnlẹ̀ ní pálọ̀, a gbàdúrà tó gbóná. Mo ní, “Ọlọ́run, ẹni tó di katakata bàbá mi, tú u fó. Jẹ́ kí gbogbo wa rí i.” Ẹ̀yin ará, Ọlọ́run ń gbọ́ àdúrà. Ẹ ṣọ́ra fún ohun tẹ́ ẹ bá ń bẹ̀.

Nígbà tílẹ̀ mọ́, mo ní kí n ṣí i lẹ́ẹ̀kan sí i kí lọ́rì tó dé. Bàbá jáde wá, wọ́n bá mi di ṣéènì mú. A gbé ọmọrí sókè, a da ọ́ìlì sínú bàsíà. Nídìí pọ́ǹpù, áńkáṣíìfù mi rèé, pọ́ǹpù ti fà á mọ́ra, ó bo ojú asẹ́ pa pátápátá. Ọ́ìlì ò ríbi gbà.

Bàbá ní, “Kí nìyẹn?”

“Áńkáṣíìfù ni, sà.”

“Ta ló fi katakata mi nu imú?”

“Àdúrà ni, sà.”

Màmá gbóhùn sókè láti ìdí àdògán, ó ní, “Ṣé ẹ ti rí ohun tí ayé fi síbẹ̀?”

Bàbá ní, “A ti rí ayé náà. Ìwọ lo bí i.”

Mi ò lè wo ojú wọn. Mo ki ọwọ́ bọ inú irin pé kí n yọ òwú áńkáṣíìfù tó kù, ni ìka mi bá kan ọ̀pá irin tí písítìnì ń tì. Ó há mi níka. Mo fi ìka tọ ọ́ lọ, ó ń há mi lọ yíká. Mo ní kí Bàbá wò ó. Wọ́n tan tọ́ọ̀ṣì sí i, wọ́n fi àkísà nù ún. Ọ̀pá náà ti sán. Ó ti sán yí ara rẹ̀ ká, ibi tó ṣì dì mọ́ra kò ju fífẹ̀ èékánná lọ. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo tú u, mo ti di ọ̀pá yẹn mú, mo nù ún, mo dá a padà. Òyìnbó ò nàka sí i, èmi náà ò nàka sí i.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó túmọ̀ sí. Ká ní púláù gbéra lọ́jọ́ tí a dán an wò, ọ̀pá yẹn á gbé e débì kan, á já. Tó bá já, púláù ò ní sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bó ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀. Á já lulẹ̀ ni, gbogbo irin yẹn, lẹ́ẹ̀kan.

Bàbá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, nínú ọ́ìlì. Wọ́n ní, “Èmi ni mo máa wà lábẹ́ ẹ̀.” Màmá ti dé ẹ̀yìn wa, orógùn wà lọ́wọ́ ẹ̀. Èmi di áńkáṣíìfù yẹn mú, ó ń kán ọ́ìlì sí mi lẹ́sẹ̀.

Nígbà tí ara wa balẹ̀, mo ní kí n gbé ọ̀pá náà lọ bá wẹ́dà kó jó o pọ̀. Bàbá ní, “Ohun tí mo máa wọ abẹ́ ẹ̀, wọn ò ní jó o pọ̀.” Wọ́n rántí pé ọ̀rẹ́ wọn kan tó ti kú ní irú katakata yẹn lábúlé kan lẹ́yìn Ìgàngàn. Mo gbé wọn sórí máṣíìnì. Ilẹ̀ ń yọ̀, mo rọra ń lọ, mo rántí gọ́tà. Mo gbàdúrà lọ́nà, láìpariwo. Mo ní, “Ọlọ́run, mi ò bẹ̀ Ẹ́ pé kí n mọ̀ ọ́n ṣe, ìyẹn ti kọjá agbára wa. Jẹ́ kí ọ̀pá ibẹ̀ dá ṣáṣá, kó sì bá a mu.”

Katakata òkú ni lóòótọ́. Koríko ti bo táyà. Wọ́n sá ẹ̀gẹ́ sórí ẹ́ńjìnì ẹ̀. Opó ọ̀rẹ́ Bàbá, ìyá arúgbó kan, jáde sí wa, wọ́n kí ara wọn títí. Bàbá sọ ohun tí a bá wá.

Ìyá náà ní, “Ẹ mú u, Bàbá Ìbejì. Ta ló tún ń lò ó? Àmọ́ adìẹ mi ń sàba lórí àga ẹ̀. Ẹ ò ní lé e.”

Mo ní, “Ìyá, lọ́rì ń bọ̀ nílé wa o.”

Ó ní, “Lọ́rì ò sàba. Dúró kó dìde.”

A dúró de adìẹ. Orí àga ló wà, àga sì wà lórí ọmọrí tí a fẹ́ tú, kò sọ́nà míì. Mo jókòó, mò ń wo adìẹ, adìẹ ń wò mí. Mo rò ó pé gbogbo ìwé tí mo kà, adìẹ ló ń pàṣẹ fún mi báyìí. Ìgbà tí mo gbọ́ ẹ̀rín ni mo yíjú. Bàbá mi ni. Wọ́n ń sọ fún ìyá náà bí ọkọ ẹ̀ ṣe gbé katakata wọ odò nígbà kan, wọ́n ń fọwọ́ ṣàpèjúwe, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ó bu ilá àti ẹ̀kọ fún wọn, wọ́n jẹ ẹ́ tán, wọ́n lá ọwọ́. Mo bá sọ fún adìẹ nínú ọkàn mi pé kó má kánjú.

Ó dìde nígbà tí ebi pa á. A gbé àga pẹ̀lú ẹyin lórí ẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, a tú ọmọrí. Ọ̀pá náà wà nínú ọ́ìlì àtijọ́, ó ń dán. Bàbá fi ìka tọ ọ́ yíká, wọ́n fi òòlù kàn án, wọ́n gbọ́ bó ṣe dún. Wọ́n ní, “Ó dá ṣáṣá.” A dá àga adìẹ padà síbi tó wà. A gbé ọ̀pá délé, ó bá a mu bí ẹni pé ibẹ̀ ni wọ́n ti bí i. Lọ́tẹ̀ yìí, Bàbá fi tọ́ọ̀ṣì wo gbogbo inú ibẹ̀ kí a tó dé e. Wọ́n tún ní kí n kó ohun tó wà lápò ṣòkòtò mi síta.

Mo fa ọ̀pá ìgbé. Púláù gbéra. Kò pariwo, kò gbọ̀n, ó kàn dìde. Bàbá ò sún mọ́ ọn. Wọ́n jẹ́ kí ẹ́ńjìnì ṣiṣẹ́ títí ọ́ìlì fi gbóná, púláù ò sọ̀. Wọ́n wá yí ìtì igi méjì wọ abẹ́ rẹ̀ kí wọ́n tó fẹsẹ̀ síbẹ̀. Wọn kì í ṣe bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀ rí. Wọ́n pa àwo àkọ́kọ́, wọ́n pa èkejì, wọ́n wá pè mí, “Ìdòwú, gbowọ́.” Wọ́n bu òrí sí mi lọ́wọ́. Mo pa èyí tó kù. Wọ́n ṣe bísímílà sí i, èmi náà sọ orúkọ Jésù sí i. Kò sẹ́ni tó bínú.

Ẹ̀yin ará, pé púláù gbéra, mo dúpẹ́. Àmọ́ pé kò gbéra lọ́jọ́ tí mò ń sunkún kó gbéra, ọpẹ́ tó gbé mi dìde níbí nìyẹn. Ṣé àdúrà ló dá a dúró ni, àbí agọ̀ mi? Mi ò mọ̀. Ó dà bíi pé Ọlọ́run so méjèèjì pọ̀, Ó fi ṣe iṣẹ́ kan. Bàbá mi ń jẹun. Wọ́n ń sọ̀rọ̀ débi pé Màmá ní kí wọ́n sinmi. Ẹ bá mi yọ̀, ẹ bá ìyá mi jó. Ẹni tí Ọlọ́run bá sì ti dá nǹkan rẹ̀ dúró báyìí, tó ń rojọ́ pé ayé ni, kó kọ́kọ́ lọ wo inú asẹ́.

Mo fẹ́ lọ jókòó, ó ku èyí kan. Lánàá, a wà lórí ilẹ̀ ẹ̀gúsí kan lọ́nà Ìdèrè, Bàbá ń wa katakata, èmi dúró létí oko. Fóònù wọn dún lọ́wọ́ mi. Ọ̀gbẹ́ni onírin ni. Mo sáré gbé e kà wọ́n létí.

Ó ní, “Bàbá, ọ̀nà ti gbẹ o. Lọ́rì ti wà nílẹ̀, àwọn ọmọ tó máa gbé e ti wà lórí ẹ̀, a ti ra okùn. Ẹ ṣáà sọ ibi tẹ́ ẹ wà, ká tètè wá palẹ̀ ẹ̀ mọ́.”

Bàbá gbé púláù sókè, wọ́n yí, wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀ sínú ilẹ̀.

Wọ́n ní, “A wà lóko.”